Àìsàn Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀: Ẹ San Owó Ìfẹ̀yìntì Ẹni tí Ara Rẹ̀ Kọ Iṣẹ́

Ìwé kan wà lórí tábìlì wa bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ òsì ni ẹni tí ó ni ín fi fọwọ́ sí i, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di kálámù mú mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Ọkọ rẹ̀ ni ó mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa, tí kò jìnnà sí ìkóríta Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, kí wọ́n má baà fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́." Ìwé náà kò gùn. Ó wí pé òun, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni ọdún 43, tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 17, fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ nítorí àìlera, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ fún sùúrù wọn.

A kà á tán, a kò sì tún ohunkóhun ṣe níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dára. Ohun tí kò dára ni kí ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò nílé, kí ó sì dé orí tábìlì ọ̀gá. A bi ọkọ rẹ̀ pé ta ni ó ní kí wọ́n kọ ọ́. Ó dáhùn pé ẹnì kan ní ọ́fíìsì ni ó gba àwọn nímọ̀ràn pé kí ìyàwó òun fi ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ lọ, kí wọ́n tó lé e nítorí pé kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. A kò mọ̀ bóyá inú rere ni onímọ̀ràn náà fi sọ ọ́ tàbí ó ń wá ọ̀nà láti fi ẹlòmíràn sí àyè náà. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí a bá fi ìwé olójú ìwé kan yìí ránṣẹ́, ó lè fi ọdún méje ìyà kún ìyà tí obìnrin yìí ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ó ti rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ìdílé kan ṣoṣo ni ọ̀ràn yìí kàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀yọ́ Aláàfin àti ní gbogbo ìlú tí ó yí wa ká.

Láti ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ti yí ètò owó ìfẹ̀yìntì padà, tí wọ́n sì tún òfin náà kọ ní ọdún 2014. Lábẹ́ òfin tuntun yìí, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ sì ń dá ìdá 10, gbogbo rẹ̀ sì ń wọ inú àkántì tí ó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Owó yìí kì í ṣe ti ìjọba mọ́, kì í sì í ṣe ti ọ̀gá. Owó òṣìṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn: ìpín kẹrìndínlógún òfin ọdún 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó náà kí ó tó pé ẹni ọdún 50. Bí ẹnì kan bá kàn fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ orí yìí, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò rí iṣẹ́ mìíràn, kò lè gbà ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó wà nínú àkántì rẹ̀ lọ. Ìyókù di ìgbà tí ó bá pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Ẹni ọdún 43 ni obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ni yóò jẹ láàrin ọdún méje? Kí ni yóò fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ni yóò sanwó fún ẹni tí ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè tún rìn?

Àánú wà nínú òfin kan náà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, inú ìpín kan náà ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Ẹni tí dókítà tí ó tóótun, tàbí ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn tí a gbé kalẹ̀ bí ó ti yẹ, bá jẹ́rìí sí i pé ara rẹ̀ tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ ipò rẹ̀ mọ́, tí ó sì fẹ̀yìntì nípa ẹ̀rí náà, kò ní láti dúró de àádọ́ta ọdún. Òfin fún un ní ẹ̀tọ́ kan náà tí ó fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́ títí tí ó fi dàgbà: yóò gba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì máa gba ìyókù díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó fi ra ètò tí yóò máa sanwó fún un títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kódà, bí Ọlọ́run bá fún un ní ìlera lẹ́yìn náà, tí àwọn oníṣègùn sì jẹ́rìí pé ó tún lè ṣiṣẹ́, ó lè padà sínú ètò náà nígbà tí ó bá rí iṣẹ́ mìíràn. Ìlẹ̀kùn kò tì mọ́ ọn.

Ẹ wá wò ó o. Àìsàn kan náà, obìnrin kan náà, àkántì kan náà. Bí ó bá kọ̀wé pé "mo fi iṣẹ́ sílẹ̀", ìlẹ̀kùn tì fún ọdún méje. Bí ó bá kọ̀wé pé "mo bẹ̀ yín, ẹ mú mi lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn", ìlẹ̀kùn lè ṣí. Ọ̀rọ̀ orí ìwé ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ èyí fún un ní gbogbo ọdún 17 tí ó fi ń ṣiṣẹ́.

Ní ti àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ ètò àtijọ́, níbi tí ó jẹ́ pé àpò ìjọba ni owó ìfẹ̀yìntì ti ń jáde, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ jọra. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 1979 ka àìsàn tí ìgbìmọ̀ oníṣègùn jẹ́rìí sí mọ́ àwọn ohun tí ó lè mú kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì pẹ̀lú ẹ̀tọ́ rẹ̀. Láti ọdún 1992, ìlànà rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún tó láti gba owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní gíràtúítì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá pé ọdún mẹ́wàá kò ní owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù. Ẹni tí ó ṣe ọdún mẹ́wàá yóò máa gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ tí ó gbà kẹ́yìn. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi lé e ń fi ìdá méjì kún un, títí yóò fi di ìdá 80 ní ọdún 35. Nítorí náà olùkọ́ tí àìsàn dá dúró ní ọdún 22 kì í ṣe alágbe. Ìdá 54 ni tirẹ̀ lóṣooṣù, gíràtúítì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iṣẹ́ ọdún méjì. Ẹ sì wo ẹni tí ó ti ṣe ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ, tí wọ́n sáré lé lọ tàbí tí òun fúnra rẹ̀ sáré lọ: oṣù mẹ́rin péré ni ó kù kí ó tó ní owó oṣooṣù, ó sì lè jẹ́ pé ìsinmi àìsàn tí ó tọ́ sí i ìbá gbé e kọjá ìlà náà.

A ti dárúkọ ìsinmi àìsàn báyìí, ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ti ń ṣubú. Ìwé ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún òṣìṣẹ́ tí kò sùn sí ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ 42 ìsinmi àìsàn láàrin oṣù méjìlá. Ẹni tí wọ́n dá dúró sí ilé-ìwòsàn lè gba oṣù mẹ́ta pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ ní pípé. Bí ọjọ́ bá kọjá èyí, ìgbìmọ̀ oníṣègùn ni ó yẹ kí ó wò ó, kí wọ́n sọ bóyá yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí yóò fẹ̀yìntì. Ìwé ìlànà kan náà ni ó sì sọ pé ẹni tí ó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgba àyè lè di ẹni tí a lé. Ẹni tí a bá sì lé ní ìléèkúrò, ètò àtijọ́ kò ní ohunkóhun fún un.

Kí ni àwa ń ṣe nígbà tí àìsàn bá dé? Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa, nítorí pé kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó jẹ̀bi. Àwa Yorùbá a máa fi àìsàn pamọ́. A ní ayé kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí ọkùnrin bá dédé ṣubú ní ilé ìwẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá kan rẹ̀ kò gbé mọ́, òru ni àwọn ẹbí rẹ̀ yóò fi gbé e lọ sí abúlé lọ́dọ̀ oníṣègùn, tàbí sórí òkè àdúrà. Bí wọ́n bá bi ìyàwó rẹ̀ níbi iṣẹ́, a ní ó rìnrìn àjò. Bí ó bá jẹ́ àìsàn ọpọlọ, ìpamọ́ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá. Ní ọ́fíìsì, ẹnì kan ń fi yẹ́ńkì pupa kọ ọ́ sínú ìwé pé kò wá. Ní oṣù kẹrin, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé owó oṣù. Nígbà tí ẹbí bá wá jí, tí wọ́n bá gbé e dé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀, ohun tí ó wà nínú fáìlì rẹ̀ ni ẹ̀sùn pé ó sá níbi iṣẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ àìsàn kankan níbẹ̀.

A kò bá oníṣègùn ìbílẹ̀ jà, a kò sì bá aládùúrà jà. Ẹni tí ara ń ro a máa wá ìwòsàn níbikíbi tí ó bá gbọ́ pé ó wà. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gba ilé-ìwòsàn kọjá. Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú tí ó yẹ kí àìsí ilé-ìwòsàn pa láṣẹ fún. Ní ọdún 1907 ni àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn níbí, ilé-ìwòsàn náà sì ti di ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Bowen. Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti LAUTECH náà wà ní ìlú kan náà. Ìwé pélébé kan láti ọwọ́ dókítà, tí ó ní ọjọ́ lórí, tí ẹbí sì mú lọ síbi iṣẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dé, tí wọ́n sì gba àmì ìgbàwé lórí ẹ̀dà rẹ̀, lè gba ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ là. Bí ó bá ṣe níbi iṣẹ́ ni a ti farapa tàbí ni iṣẹ́ ti kó àrùn bá ni, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tún wà fún èyí: kí a sọ fún agbanisíṣẹ́ láàrin ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ sì jẹ́ kí àjọ tí ó ń mójú tó o gbọ́ láàrin ọjọ́ méje.

Èyí ni apá tiwa nínú ẹ̀bi náà, a sì ti sọ ọ́ láìfi bò. Ó wá kan àwọn tí wọ́n jókòó sórí àga àṣẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtọrẹ ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì wọn ní ọdún 1951, tí wọ́n sì mú kí agbára rẹ̀ padà sẹ́yìn dé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1946, àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe é fún ní pàtàkì. Ọmọ ilẹ̀ wa tí ó bá jẹ nínú rẹ̀, ojú rere Gómìnà Àgbà ni ó fi jẹ ẹ́. Kì í ṣe ẹ̀tọ́. Bí ojú Gómìnà bá korò, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ṣófo. Àwọn bàbá wa tí wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1945 jákèjádò Nàìjíríà, tí Michael Imoudu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú wọn, kò jìyà náà kí òṣìṣẹ́ lè máa jẹ ojú rere títí ayé. Òun ni ó sì fà á tí a fi kọ ọ́ sínú Ìwé Òfin Ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ìpín 173 fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ìpín 210 fún ti ìpínlẹ̀, pé a kò gbọdọ̀ dá owó tí ó tọ́ sí òṣìṣẹ́ dúró, a kò sì gbọdọ̀ yí i padà sí ìpalára rẹ̀, àfi níbi tí òfin bá gba ni láyè. Ìpín náà tún pàṣẹ pé kí a máa tún owó ìfẹ̀yìntì gbé yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí a bá tún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ṣe, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Òyìnbó lọ, ẹ̀tọ́ dé sórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìṣe àtijọ́ kò tíì bá òyìnbó lọ. Títí di òní, bí aláìsàn bá dé ojú fèrèsé ọ́fíìsì, bí ẹni tí ó wá tọrọ ni a ti ń wò ó.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní bí a bá ṣí ìlẹ̀kùn yìí sílẹ̀ gbayawu, gbogbo ẹni tí iṣẹ́ sú ni yóò di aláìsàn lójijì, tí dókítà ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì kọ̀wé fún un. A gbà pé ẹlẹ́tàn wà ní gbogbo ìlú. Ìdí nìyí tí òfin fi sọ pé dókítà tí ó tóótun tàbí ìgbìmọ̀, tí kò sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní báágì oògùn lọ́wọ́. Ó sì yà wá lẹ́nu pé ìjọba tí ó fi ọdún pípẹ́ san owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ iwin, àwọn tí wọn kò lára tí yóò ṣàìsàn, ni ó wá ń fi ìṣọ́ra líle wo ẹni tí a gbé wá lórí àga onítáyà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè ni pé kí ìgbìmọ̀ oníṣègùn máa jókòó ní itòsí àwọn aláìsàn. Kò bọ́gbọ́n mu pé ẹni tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè rìn ni kí a kọ́kọ́ sọ fún pé kí ó rin ìrìn àjò. Láti Takie dé Agodi ní Ìbàdàn, ọ̀nà náà tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, gbogbo ẹni tí ó bá sì ti gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ rí mọ ohun tí ó ń ṣe fún egungun ẹni tí ara rẹ̀ le, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tí apá kan ara rẹ̀ ti kú. Owó ọkọ̀ aláìsàn àti ti ẹni tí yóò gbé e, oúnjẹ, ibùsùn bí wọ́n bá ní kí ó padà wá lọ́la: gbogbo rẹ̀ ń jáde láti inú àpò tí owó oṣù kò wọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn dà bí ti ọkùnrin inú Bíbélì tí ó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá adágún omi fún ọdún méjìdínlógójì, tí kò rí ẹni tí yóò gbé e sínú omi. Àwọn dókítà àgbà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí wọ́n máa jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún agbègbè wa, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ fún àwọn ará Ọ̀yọ́. Ẹni tí kò bá lè dìde lórí ibùsùn, kí wọ́n lọ bá a nílé.

Èyí kì í ṣe àlá. Ẹ wo orílẹ̀-èdè Gánà, tí kò ju àwa lọ ní ọrọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì wọn ti ọdún 2008 dá owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún ẹni tí àìsàn sọ di aláìlèṣiṣẹ́ mọ́. Kò béèrè pé kí ó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún. Bí ó bá ti dá owó fún oṣù 12 láàrin oṣù 36 tí ó ṣáájú àìsàn náà, ó tó. Ìgbìmọ̀ oníṣègùn ti agbègbè rẹ̀ ni yóò sì jẹ́rìí sí i, kì í ṣe pé kí gbogbo Gánà rọ́ lọ sí Àkírà. Ohun tí àwọn ará Gánà ṣe tí ó rọrùn fún wọn, kí ni ó dé tí ó fi ṣòro fún àwa tí a ń pe ara wa ní òmìrán Áfíríkà?

Lẹ́yìn èyí, kí a má ṣe yọ orúkọ òṣìṣẹ́ kankan kúrò nínú ìwé owó oṣù nítorí pé kò wá, àfi bí ẹnì kan bá ti lọ sí ilé rẹ̀, tí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ọ̀nà kò jìn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ògo Olúwa tàbí ní Sùúrùlérè kò ṣòro láti rí ilé rẹ̀. Ọlọ́kadà kan á gbé ni dé ibẹ̀.

Gíràtúítì àwọn tí àìsàn mú fẹ̀yìntì, kí a máa san án ṣáájú ti gbogbo ènìyàn. A mọ̀ pé gbèsè pọ̀ lọ́rùn àwọn ìjọba lórí owó yìí, a sì mọ̀ pé bí kálukú ti fẹ̀yìntì ni a ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Òdodo ni ìlà yìí láàrin àwọn tí ara wọn le. Ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dẹ́kun iṣẹ́ kò lè tò sórí ìlà kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ń gbin àgbàdo lẹ́yìn ilé rẹ̀ bí ó ti ń retí. Ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kejì ọdún 2025 fọwọ́ sí i pé kí a yá bílíọ̀nù 758 náírà láti fi pa gbèsè owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ rẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwa ń wò bí yóò ti rìn, à ń wò ó pàápàá bóyá aláìsàn kan yóò ti inú rẹ̀ rí owó oògùn rà kí ó tó di ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi owó náà sìnkú.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù nípa òfin ọdún 2014. Ó ṣèlérí pé owó ìfẹ̀yìntì kan yóò wà tí kò ní sí ẹni tí yóò gbà kéré sí i, bí ó bá ti dá owó fún iye ọdún tí a là sílẹ̀. Fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí a fọwọ́ sí òfin náà, ìlérí yìí kò kúrò lórí ìwé. Ta ni ìlérí náà wúlò fún jù? Kì í ṣe ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún 35. Ẹni tí àìsàn gé iṣẹ́ rẹ̀ kúrú ni, ẹni tí owó inú àkántì rẹ̀ kò tíì dàgbà. A lè fún un láyè láti gbà á lọ́jọ́ orí 43, ṣùgbọ́n bí owó náà bá kéré, ọdún mélòó ni yóò fi jẹ ẹ́? Kí ìjọba má ṣe fi ìlérí yìí ṣeré.

Nígbà tí aláìsàn bá sì ti wọ inú ìwé àwọn tí ń gba owó, kí a má tún máa fi àyẹ̀wò dá a lóró. A ti rí i ní oríṣiríṣi ìlú bí wọ́n ti ń gbé àwọn àgbàlagbà wá lórí ẹ̀yìn, kí wọ́n lè wá fi ojú wọn han pé àwọn kò tíì kú. Ilé-iṣẹ́ PTAD tí ń bójú tó àwọn tí wọ́n fẹ̀yìntì lábẹ́ ètò àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ti dá ètò kan sílẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, tí ènìyàn fi lè fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ jẹ́rìí láti inú ilé rẹ̀ pé òun ṣì wà láàyè. Ẹgbẹ́ wa kì í tijú láti yin ohun tí ó bá dára. Kí àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, a ní ọ̀rọ̀ fún yín. Owó ẹgbẹ́ ni a ń yọ lóṣooṣù láti inú owó oṣù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dùbúlẹ̀, kí ó má jẹ́ pé ìgbà ìsìnkú nìkan ni ẹ ó mú àsíá ẹgbẹ́ dé ilé rẹ̀. Ẹ rán ẹnì kan tí ó mọ ìwé lọ bá a láàrin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wo ohun tí ó fẹ́ fọwọ́ sí. Ẹ bá a tẹ̀ lé ìwé rẹ̀ láti tábìlì dé tábìlì.

Ní ti obìnrin tí ìwé rẹ̀ wà níwájú wa, a jókòó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, a sì kọ òmíràn. Òun náà kò gùn. Ó sọ ọjọ́ tí àrùn náà dé, ó sọ orúkọ ilé-ìwòsàn tí ó ti ń gba ìtọ́jú, ó so ẹ̀dà ìwé dókítà mẹ́ta mọ́ ara rẹ̀, ó sì béèrè pé kí a mú òun lọ síwájú ìgbìmọ̀ oníṣègùn gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, kí a sì kà àwọn ọjọ́ tí òun kò wá sí ìsinmi àìsàn. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún sùúrù. Ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sílé kí ó lè fọwọ́ òsì rẹ̀ sí i, ó sì mú un lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì lu àmì ìgbàwé sórí ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi wá bóyá kí òun fa ti àkọ́kọ́ ya. A ní kí ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Títí di ìgbà tí ìwé ìròyìn yìí fi wọ inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èsì kò tíì dé.